Ògiri Tí Ìyàálé àti Ìyàwó Jọ Ní

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé bàbá mi ní Ọ̀rẹ̀ ṣe wó.

Bàbá mi ti gbé ìlú òyìnbó rí, níbì kan létí òkun. Ó ní níbẹ̀, ilé máa ń so mọ́ra bí eyín, ògiri kan ni aládùúgbò méjì máa ń ní, fèrèsé iwájú á sì yọ ikùn síta. Nígbà tí owó epo dé, tí òun náà ń rí jẹ nídìí igi gẹdú, ó kọ́ irú rẹ̀ mẹ́rin sẹ́bàá títì, alájà méjì. Àwọn ará Ajue tó ń kó kòkó kọjá á ní ilé yìí mà ti lóyún. Àwọn awakọ̀ ló háyà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ìyàálé wà nínú ọ̀kan láàárín, ìyá mi wà nínú èkejì. Bí ìyàálé bá wúkọ́, ìyá mi á kí i pẹ̀lẹ́ láti yàrá tirẹ̀.

Bàbá kú láìsọ ibi tí a ó sin òun sí. Ní ilẹ̀ wa, ilé tí baba bá sùn sí, kò sẹ́ni tó máa lé àwọn ará ibẹ̀ jáde. Ìyá mi kò ní ibòmíràn, ló bá ní kí wọ́n sin ín sí ọ̀dọ̀ òun. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń ro ní Omifunfun.

Ìyàálé ní, “Ìyàwó, o gbà á lọ́wọ́ mi láàyè, o tún fẹ́ gba òkú rẹ̀?”

“Ìyá wa, ẹ má bínú. Ibi tí mo máa sùn ni mò ń wá.”

Àwọn àgbà ẹbí rò ó títí, wọ́n ní kí a gbẹ́ ilẹ̀ sábẹ́ ògiri àárín, kí orí wà lọ́dọ̀ ìyàálé, kí ẹsẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyàwó. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Wọ́n gé ìpìlẹ̀, òkú wọlé. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ògiri yẹn ló gbé àjà ilé méjèèjì.

Òjò ọdún yẹn pọ̀. Ògiri kọ́kọ́ sán, ìyá mi fi sìmẹ́ńtì dí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rì, àjà méjèèjì sì bá a lọ. Àwọn ìyá wa wà lókè. Nígbà tí a hú wọn jáde, ara wọn ti wọ inú ara wọn. Ibẹ̀ náà la sin wọ́n sí.

A pín ogún ní ìdí-igi, ìpín kan fún ọmọ ìyá kan. Àwọn ọmọ ìyàálé gba ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwa gba èkejì, pákó la fi ti méjèèjì kó má baà ṣubú. A kò pín àárín. Àwọn mẹ́ta tó ni ín ṣì wà níbẹ̀.