Ínǹṣì Mẹ́rin Ààbọ̀ Lábẹ́ Ọkọ̀ Alhaji

Mo ń fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára àwọn irin sípíríǹgì kan, kí a má baà ṣì wọ́n tò, nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì ńlá láti ojú títì. Kí ọkọ̀ náà tó wọlé tán, sàléńsà rẹ̀ ti ha ilẹ̀ lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀bù wa ní Kokompe, àdúgbò àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe. Ìdí rẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé imú rẹ̀ kọjú sókè bí ọkọ̀ ojú omi.

Ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ni, pupa, onílẹ̀kùn méjì, bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Alhaji Gàníyù ló ni ín, àgbà kan láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Lagos Town, àdúgbò kan nílẹ̀ Gà tí wọ́n tún ń pè ní New Town. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ló rà á lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun wà á rí.

Sípíríǹgì ẹ̀yìn ọkọ̀ ni iṣẹ́ wa. Pẹlẹbẹ irin gígùn ni, ó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. A máa ń to wọ́n léra, èyí tó gùn jù lókè, èyí tó kúrú jù nísàlẹ̀, a sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bíléèdì. Tí wọ́n bá ti ru ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á tẹ́jú. A máa ń sọ pé wọ́n ti sùn. Láti jí wọn, a ó tú wọn palẹ̀, a ó fi wọ́n sínú iná èédú títí wọ́n á fi pọ́n, a ó lù wọ́n kí wọ́n tún tẹ̀, a ó rì wọ́n sínú ọ́ìlì, a ó sì tún yá wọn níná díẹ̀ kí wọ́n má baà ṣẹ́ bí àwo.

Bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Láti ìgbà tí mo ti parí ilé ìwé girama ni mo ti ń bá a kọ ìwọ̀n ọkọ̀ sínú ìwé. Tẹ̀té, ọmọ Gà tó dàgbà ní Lagos Town tó sì ń sọ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa lọ, ló ń mú òòlù. Lọ́dún yẹn, àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi, ó sì di ẹni tó ń jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Oní-táyà kan ti ń béèrè ibẹ̀ láti yá a.

Bàbá mi pè mí ní ọjọ́ tí ọkọ̀ Alhaji dé.

“Rísì, ìwọ ni kó o ṣe ọkọ̀ yìí. Èmi ò ní dá sí i. Tí Alhaji bá yìn ín, ibí di tìẹ. Tó bá dá a padà, màá fún oní-táyà ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.”

Alhaji yọ fọ́tò kan lápò. Ọkọ̀ náà ni, tuntun, ìdí rẹ̀ ga bí ti ẹṣin tó fẹ́ tàpá.

“Bó ṣe rí níbí ni mo fẹ́,” ó ní. “Kó má dín, kó má lé. Lọ́jọ́ Sátidé, màá gbé ìyàwó mi àtàwọn ọmọ-ọmọ mi lọ sí Aburi. Mo fẹ́ kí gbogbo New Town rí wa bí a ṣe ń jáde.”

Mo fi rúlà wọn táyà inú fọ́tò, mo wọn táyà gangan, mo sì ṣírò bí ìdí ọkọ̀ ṣe ga tó nígbà náà. Ó yẹ kí a gbé e sókè ní ínǹṣì mẹ́rin ààbọ̀.

Tẹ̀té wo ìwé tí mo kọ. “Chale, ọ̀rẹ́ mi, fọ́tò lo fẹ́ fi ṣe sípíríǹgì?”

“Ìṣirò ni.”

“Ìṣirò kì í gun òkè Aburi.”

Mo ní kó fẹ́ iná. Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Nígbà tí a sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ láti orí jáàkì ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, mo fa tépù láti àárín táyà dé etí bọ́dì. Ó ti fi ínǹṣì mẹ́rin ààbọ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò fi ìlà kan yẹ̀.

Bàbá mi ní òfin kan. A gbọ́dọ̀ wọn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà tó ṣófo, nígbà tí àwọn tí yóò gùn ún bá jókòó sínú rẹ̀, àti nígbà tí a bá gbé e sókè tí táyà ẹ̀yìn so rọ̀ lófurufú. Mo ṣe méjì àkọ́kọ́. Tẹ̀té àti fítà méjì, àwọn mẹkáníìkì láti ìta, ni mo mú jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, mo fò ó. Alhaji ti dé, ọkọ̀ ti wà nílẹ̀, iye náà sì ti bá ìṣirò mi mu.

Bàbá mi béèrè láti orí àga rẹ̀, “O wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

Irọ́ ni mo pa. Alhaji yí ọkọ̀ rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó wà á lọ. Sàléńsà rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo jókòó láti da ìwọ̀n náà kọ sínú ìwé ńlá. Àyè mẹ́ta fún ìwọ̀n ló wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ti àkọ́kọ́, mo kọ ti kejì. Ẹ̀kẹta ṣófo. Bí mo ṣe ń wò ó ni mo rántí ohun tí wọ́n ń wọn ẹ̀kẹta fún.

“Tẹ̀té, nígbà tí ọkọ̀ yẹn wà lórí jáàkì, báwo ni rọ́bà bíréèkì ẹ̀yìn ṣe rí?”

“Ó nà. Bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Nígbà tó balẹ̀, ó dẹ̀. Mo rò pé o rí i.”

Rọ́bà yẹn ló ń gbé omi bíréèkì láti ara bọ́dì lọ sí táyà ẹ̀yìn. A ti gbé bọ́dì sókè. Rọ́bà ò gùn sí i. Tí táyà bá já sínú kòtò, rọ́bà yóò nà dé òpin. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀, orísun omi bíréèkì kan ṣoṣo ló ń bọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí rọ́bà kan bá já, kò sí bíréèkì kankan mọ́, àti pé bí a ṣe ń gun òkè Aburi lọ la ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

“Ó lè má já,” Tẹ̀té sọ. “Tó o bá lọ sọ fún un, wọ́n á ní obìnrin ba ọkọ̀ jẹ́. Jẹ́ kó lọ kó bọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè a ó dọ́gbọ́n pè é.”

Mo pe fóònù Alhaji lẹ́ẹ̀mẹrin, kò gbé e. Mo wọ tròtrò, bọ́ọ̀sì èrò, lọ sí Circle, mo wọ òmíràn lọ sí New Town. Mo rántí pé mo ń ka àwọn kòtò ojú ọ̀nà.

Wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tí mo dé. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Sàká, gbé fúláàsì wàákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, sórí ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́. Mo dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Alhaji, ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á.”

“Kí ló dé?”

“Mo ṣe àṣìṣe. Bíréèkì yín lè já.”

Àwọn aládùúgbò ti jáde láti wò wọ́n. Ojú Alhaji le. “Ta ló rán ẹ? Bàbá ẹ?”

“Bàbá mi ò tíì mọ̀, sà.”

Mo ní kí ó gbé jáàkì sábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí táyà kúrò nílẹ̀, mo ní kí ó fi ìka kan rọ́bà náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi kàn án, ó sì pẹ́ kó tó yọ ọwọ́.

Màmá Sàká sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì rẹ̀. “Ẹ wá takisí fún wa. Ìdí takisí ò ga, ṣùgbọ́n á débẹ̀.”

Alhaji ò rẹ́rìn-ín, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà sápò. Wọ́n wọ takisí lọ.

Mo padà lọ sọ fún bàbá mi, títí kan irọ́ tí mo pa. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

“Alhaji ló kọ́kọ́ rí i, àbí ìwọ?”

“Èmi ni, bàbá.”

Ó kàn yíjú sí títì. Mo gbá iwájú iná mọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn bí ẹni tó ń palẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, oní-táyà dé, ó mú tépù tirẹ̀ dání láti wọn ilẹ̀. Bàbá mi béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún un lómi, lẹ́yìn náà ó sọ fún un pé ibẹ̀ ò ṣófo mọ́. Oní-táyà wo èmi, ó wo Tẹ̀té, ó mu omi rẹ̀ tán, ó lọ.

Kò pẹ́ sí i ni ọkọ̀ kan fi okùn fa ọkọ̀ pupa náà wọlé, Alhaji sì tẹ̀ lé e. Mo ti ra rọ́bà bíréèkì tó gùn sí i ní Abossey Okai, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Mo mú ìwé mi, mo lọ bá Alhaji níbi tó dúró sí, mo sì bi í bóyá ó ṣì fẹ́ kó rí bíi ti inú fọ́tò, torí pẹ̀lú rọ́bà tuntun náà, a lè ṣe ínǹṣì mẹ́ta láìséwu, àmọ́ kò ní ga tó bẹ́ẹ̀.

Ó mú fọ́tò náà jáde, ó wò ó, ó sì dá a padà sápò.

“Ìwọ ni kó o sọ bó ṣe máa ga tó.”