Bàtà Irin Abẹ́ Síǹkì

Díẹ̀ ló kù kí n sọ bàtà náà nù lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀. Mo ń tún abẹ́ síǹkì ilé ìdáná ṣe, mo bá irin pẹlẹbẹ kan tó ní bẹ́líìtì awọ lára, gbogbo ara rẹ̀ ti họ. Mo ti ń gbé e lọ síbi ìdọ̀tí nígbà tí ọkùnrin tí wọ́n ní kí n máa tọ́jú figbe ta látorí àga onítáyà rẹ̀ pé, "Fi yoke yẹn sílẹ̀!" Ẹni tí wọ́n sọ fún mi pé kò lè pariwo mọ́. Yoke ni wọ́n ń pe nǹkan níbí. Inú bí mi. Mo ní irú ilé wo rèé tí wọ́n ti ń tọ́jú pàǹtírí. Ó ní kí n jókòó.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ irú ẹni tó jẹ́. Nígbà èwe rẹ̀, alùpùpù ló fi ń sáré ìje, eré tí wọ́n ń pè ní spídíwèé. Alùpùpù mẹ́rin ló ń sáré pọ̀, wọ́n á yí pápá oníyẹ̀pẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹrin, alùpùpù náà ò sì ní bíréèkì. Mo ní kí ó tún un sọ. Kò ní bíréèkì. Apá òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí, tí wọ́n bá sì dé kọ́nà, ẹni tó ń gùn ún á na ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀, á máa fi wọ́lẹ̀ lọ. Ohun tí bàtà irin náà wà fún nìyẹn. Mo ní, "Bàbá, ta ló ṣépè fún yín?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Bàbá ni mo ń pè é. Ó kọ́kọ́ ní kí n máa pe orúkọ òun bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí, mo ní ẹnu mi ò gbà á, ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ. Ó ní grand, ìyẹn ni pé kò burú. Òun náà ń pè mí ní love, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo obìnrin ní Dublin. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Adamstown lọ sí ilé rẹ̀ ní Clondalkin láràárọ̀. Bí mo bá ń tì í lọ ra ìwé ìròyìn, àwọn arúgbó ọkùnrin á ṣí fìlà fún un, wọ́n á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀kan tiẹ̀ sunkún lọ́jọ́ kan, ó ní èjìká bàbá òun lòun wà tí òun fi ń wò ó. Wọ́n ní kò fi alùpùpù rẹ̀ há ẹnikẹ́ni mọ́ ògiri rí nítorí pé ó fẹ́ borí, àti pé nínú eré yẹn, ìyẹn ju ife ẹ̀yẹ lọ. Tí a bá sì dé kọ́nà, á fì sí apá òsì lórí àga, kódà tó bá jẹ́ ọ̀tún la fẹ́ yà sí. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún un, mẹkáníìkì tó ń tún alùpùpù rẹ̀ ṣe láyé ìgbà náà, tó ń gbé ní Swords. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rọ bàtà irin náà. Ní aago mẹ́ta gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó máa ń pe Bàbá lórí fóònù, wọ́n á máa bú ara wọn bí ọmọdé. Wọ́n ti bá ara wọn ṣàdéhùn: ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, ẹnì kejì ni yóò gbé bàtà náà lé orí pósí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ti sọ ọ́ fún mi bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ pé mi ò mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, Bàbá ń sùn lọ́wọ́, fóònù dún. Ọmọ mẹkáníìkì náà ni. Ó ní bàbá òun kú láàárọ̀ yẹn, kí n jọ̀ọ́ sọ fún Bàbá. Mo ní màá sọ. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò sì sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ ó mọ ìdí. Ta ló ń la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ àgbàlagbà lórí, òun nìkan nínú yàrá? Ẹ ó jẹ́ kó jẹun, ẹ ó pe àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ látòkèèrè. Nígbà tí ìyá mi kú nílé, odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi fi ń sọ fún mi pé ara rẹ̀ ò yá díẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn náà. Àìsàn ọkàn sì wà lára Bàbá. Mo pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Galway, mo ní kó wá lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ jọ sọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fa ojú ewé tí wọ́n ń kọ orúkọ òkú sí yọ nínú ìwé ìròyìn Bàbá, mo fi di èèpo pòtétò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo sọ fún ọmọ mi obìnrin nílé. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ èdè Dublin ló fi ń dá mi lóhùn.

"Ma, you have to tell him. They'll have him buried by Thursday."

"Ta ló ń sin òkú láàárín ọjọ́ mẹ́ta? Ṣé Mùsùlùmí ni wọ́n ni?"

"That's how they do it here, Ma."

Mo ní kó gbẹ́nu sọ́hùn-ún. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà níbí, òkú ìjọ wa nìkan ni mo mọ̀: a ó dúró de ìwé, a ó gbé e lọ sílé, oṣù kan lè kọjá kó tó wọlẹ̀. Mo rò pé àyè wà.

Aago mẹ́ta lù ní Ọjọ́bọ̀, fóònù ò dún. Bàbá tẹjú mọ́ ọn. Mo ní bóyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ rìnrìn àjò ni. Ó ní, "Pẹ̀lú eékún rẹ̀ tó ti bàjẹ́ yẹn?" Ó tẹ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Látibi tí mo dúró sí ni mo ti gbọ́ ohùn ọmọ náà: "A wá yín títí nínú ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí." Bàbá rọra gbé fóònù sílẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ Ajé, sà."

Mo kúnlẹ̀. Kò mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó rò pé mo ṣubú ni, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gbé mi dìde. Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Love," ó ní, "tí kòtò bá wà lójú pápá, wọ́n máa ń sọ fún mi kí n tó gbéra. Kò sẹ́ni tó fi pamọ́ fún mi rí."

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi mu tíì tí mo bá pò.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní òun fẹ́ lọ sí Swords. Takisí ló gbé wa, bàtà náà wà lórí itan rẹ̀ nínú táwẹ́ẹ̀lì. Yẹ̀pẹ̀ ibojì náà ṣì rọ̀, àwọn òdòdó orí rẹ̀ ti ń rọ. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó gbé bàtà náà lé e. Ọkọ̀ òfúrufú ń kọjá lórí wa lemọ́lemọ́. Ó wò ó pẹ́, ó sì tún gbé e.

"Orí pósí la jọ sọ," ó ní. "Kì í ṣe orí yẹ̀pẹ̀."

A gbé e padà wálé, mo dá a padà sí abẹ́ síǹkì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó mu tíì mi, kò sì mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi. Mo fẹ́ bi í bóyá ó ti dárí jì mí, ojú ń tì mí. Tí aago mẹ́ta Ọjọ́bọ̀ bá ń lọ lù, mo máa ń wá iṣẹ́ ṣe lókè ilé.

Kò ju oṣù méjì lọ tí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin, mo fẹ́ lọ tún ilé ṣe dè é, ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí. Kò tiẹ̀ kí mi.

"Dádì mi ti kú. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn àbúrò mi. Ó mú mi búra pé ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún, kí n má fi bò rárá. Ó ní ìwọ lo máa gbé bàtà náà."

Mo sunkún nínú ọkọ̀ náà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Òyìnbó obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí di ọwọ́ mi mú títí a fi dé Clondalkin. Mo ṣí ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo mú bàtà náà jáde lábẹ́ síǹkì.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n sin ín. Mo ti gbé bàtà náà dání lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn tó dé.