Ọta Méjìlá Ọdẹ Ṣúpárè

"Má mí sí i," ni màmá ìyá mi wí, mo sì fi ọwọ́ di imú mi. Ó tẹ orí ba ìgò ẹ̀tù, ó fi ìdérí kékeré kan bu ẹ̀tù dúdú náà, ó fi àtàǹpàkò gé orí rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú, ó sì rọra dà á sínú èèpo ọta pupa tó wà lórí àpótí níwájú rẹ̀. Ó dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò tó ń kán sórí ewé gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ló mú òkúta wẹ́wẹ́ kan nínú abọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó jù ú sínú abọ́ ọwọ́ òsì. Èèpo kan, òkúta kan. Bó ṣe máa ń kà á nìyẹn. Ó ní ẹnu lè gbàgbé ibi tó kà dé, pé òkúta kì í gbàgbé.

Ìkàrẹ́ ni àwọn òbí mi ń gbé, olùkọ́ sì ni àwọn méjèèjì. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi báyìí, wọ́n á gbé mi sínú ọkọ̀, mo di ọmọ Ọ̀ka nìyẹn. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Ilé Màmá Ọ̀ka, bí gbogbo àwa ọmọ-ọmọ ṣe ń pè é, wà lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí àpáta ti wọ inú àgbàlá débi pé orí rẹ̀ la ti ń sá ẹ̀gẹ́. Láàárọ̀, kùrukùru á bo òkè mọ́lẹ̀, ẹ ó kàn máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń lọ sóko láìrí wọn.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ ọta. Ọdẹ ni bàbá àgbà, ó ní ìbọn olójú méjì àti ìwé àṣẹ rẹ̀. Àwọn ọdẹ kì í ju èèpo ọta tí wọ́n bá ti yìn nù. Wọ́n á ṣà á wálé kí wọ́n lè tún un kì. Nígbà tí ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tí kò rí ẹnu èèpo mọ́, Màmá ló ń bá a kì í. Bàbá kú, àwọn ọdẹ kò dẹ́kun àtimú èèpo wá, láti Ọ̀ka, láti Ṣúpárè, títí dé Ìkáràm. Wọ́n ní ọta tí obìnrin yẹn bá kì kì í ṣini lọ́nà.

Iṣẹ́ náà ní òfin tirẹ̀. Kì í ṣe é lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú. Kì í jẹ́ kí iná kan wà nílé kí ó tó parí, nítorí náà, iṣu tútù àná ni mo máa ń jẹ láwọn àárọ̀ yẹn. Òórùn ẹ̀tù á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dà bí èédú àti ẹyin tó bàjẹ́, òórùn gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ páálí mọ́ ẹnu ọta á sì dà pọ̀ mọ́ ọn. Páálí ṣúgà ló máa ń gé róbótó fún un. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gé páálí, kí n má sì fọwọ́ kan ohun mìíràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọdẹ kan láti Ṣúpárè mú èèpo méjìlá wá. Ọkùnrin gíga ni, ọlọ́yàyà, ó máa ń bá mi mú ẹsẹ̀ òyà gbígbẹ wá. Ó ní ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti tú ẹ̀gẹ́ gbogbo àdúgbò àwọn, pé òun fẹ́ lọ dúró dè wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó lọ rí ẹnì kan láàárín ìlú, Màmá sì jókòó sídìí iṣẹ́.

Ó ti da ẹ̀tù sínú èèpo keje nígbà tí aládùúgbò kan pè é níwájú ilé, pé kí ó tètè wá, ewúrẹ́ ti wọ orí ẹ̀gẹ́ tó sá. Ó dìde kíákíá. Kò tíì mú òkúta keje. Kò sì dé ìgò.

Mo wo èèpo keje, mo wo òkúta, mẹ́fà péré ni. Mi ò yọjú wo inú èèpo náà, mo rò pé ó ṣófo ni. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ ti ń yún mi láti bu ẹ̀tù yẹn. Mo bù ú, mo gé orí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, mo dà á sí i, mo fi páálí dé e, mo sì ju òkúta kan sí abọ́ òsì. Nígbà tí Màmá padà dé, òkúta jẹ́ méje, kò sì bi mí léèrè. Nígbà tó yá tó ń fi ọta òjé wẹ́wẹ́ sí wọn, ó tẹ ọ̀kan títí. Ó ní, "Èèpo eléyìí le o." Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ọdẹ dé, ó kó méjèèjìlá sínú àpò, ó kí wa, ó lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Màmá tó gbé ìgò ẹ̀tù padà sí àyè rẹ̀. Ó máa ń fi èédú fa ìlà sára ìgò náà kí ó lè mọ ibi tí ẹ̀tù dé. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó, ó tún wò ó. "Ẹ̀tù yìí dín ju bó ṣe yẹ lọ." Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, ara rẹ̀ ni. Ó jókòó, ó gbé ìgò lé itan, ó sì ń ro gbogbo bó ṣe ṣe é láàárọ̀.

Oúnjẹ wà níwájú mi. Mo gbé òkèlè kan. Mo gbé ìkejì. Mo mọ̀ pé tí mo bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo dá òkèlè kẹta padà sínú àwo.

"Màmá, mo bù sí ọ̀kan."

"Ọ̀kan wo?"

"Nígbà tí ẹ lọ lé ewúrẹ́. Mo rò pé ó ṣófo ni."

Kò lù mí, kò pariwo. Ó dìde, ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró gbọnyingbọnyin. "Kò ṣófo, mo ti da ẹ̀tù sí i. Wọ bàtà rẹ, ìlọ́po méjì ẹ̀tù lè fọ́ ìbọn mọ́ ọdẹ yẹn lójú."

Olùkọ́ kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Màmá ló bá wa pe fóònù ọdẹ náà. Obìnrin inú fóònù ní nọ́ńbà náà kò lọ. Olùkọ́ tún un pè, ohun kan náà ló sọ. Ọdẹ ti wọ igbó nìyẹn. Màmá kì í gun ọ̀kadà. Láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti jábọ́ lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn títí dé ọjà. Lọ́jọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ dá ọlọ́kadà dúró. Ó gbé mi sáàárín, ó di ọlọ́kadà náà mú níkùn.

"Ọmọ mi, sáré," ló wí, "ṣùgbọ́n má pa wá o."

A gba Àkùngbá kọjá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń jáde bọ̀. Ẹnu Màmá ń lọ lẹ́yìn mi. Àdúrà ni. Ní Ṣúpárè, ìyàwó ọdẹ ní ó ti wà lóko, ó sì nawọ́ sí ọ̀nà. A fẹsẹ̀ rìn ín. Màmá ń ké bí a ṣe ń lọ: "Ọdẹ o! Ọdẹ, má yìn ín o!" Mi ò tíì gbọ́ kí ó ké bẹ́ẹ̀ rí.

A bá a lórí ebè kan ní ìpẹ̀kun oko, ìbọn ti wà ní kíkì lórí itan rẹ̀, oòrùn sì ti ń rẹlẹ̀. Ó fò dìde. Kí ó tó sọ̀rọ̀, Màmá ti kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, ìyá tó lè bí i lọ́mọ. "Dákun, yọ ọta ẹnu ìbọn rẹ."

Ó yọ ọ́. Màmá tẹ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀, ó to méjèèjìlá síbẹ̀, ó sì ń fi ọ̀bẹ tú wọn. Ìkẹsàn-án tó tú ni èyí tí mo bù sí. Ẹ̀tù dà, ó dà, kò tán. Ọkùnrin náà wò ó, ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ọwọ́ ọmọ yìí ló bù ú," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ìgò sílẹ̀ láìdé e. Èmi ni kí o bá wí."

Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ṣa èèpo rẹ̀ sínú àpò, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó lọ láìdágbére. Ìyẹn ló dun Màmá jù. Ọ̀rọ̀ náà tàn, ọ̀pọ̀ ọdẹ kò sì mú èèpo wá mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pè mí sídìí àpótí. Mo ti ń sunkún kí n tó débẹ̀. Ìdérí kékeré yẹn ló fi sí mi lọ́wọ́.

"Mo gbọ́ bí o ṣe ń yí lórí ẹní," ló wí. "Ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀tù kò bà, mi ò lè kọ́ ọ. Ó ti wá ń bà ọ́ báyìí. Jókòó."

Yanrìn ni mo fi kọ́ ọ. Gbogbo ìsinmi yẹn, yanrìn gbígbẹ ni mò ń bù. Ìsinmi tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú, yanrìn. Ó di ìsinmi kẹta kí ó tó gbé ìgò fún mi, ó sì jókòó tì mí bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń rá nítòsí kànga.

Ó lé lọ́dún kan kí ọdẹ Ṣúpárè tó tún yà sílé wa. Èèpo mẹ́fà ló mú wá. Ó kí Màmá, kò rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ yín ni mo fẹ́, Màmá."

"Ojú mi ti ń ṣe bíi ti ọkọ mi," ni Màmá dáhùn. "Ọmọ yìí ló ń kì í, èmi á jókòó tì í. Tí ọkàn rẹ kò bá gbà á, máa mú wọn lọ. Mi ò ní bínú."

Ó wò mí pẹ́. "Kí ó kì í."

Kò lọ sáàárín ìlú lọ́jọ́ náà. Ó dúró tì mí títí mo fi lẹ páálí ìkẹyìn. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, ó kó wọn lọ sẹ́yìn ilé, ó to agolo mílíìkì mẹ́fà sórí ibi tí àpáta ti ga, ó ki méjì bọ inú ìbọn. Màmá dìde, ó rìn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, níbi tí èjìká rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìbọn. Ọkùnrin náà ní kí ó sún sẹ́yìn. Kò sún.

Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Òkè ń dá a lóhùn. Agolo márùn-ún fò, ó tàsé ọ̀kan. Ó padà wá síbi tí mo wà, ó da èèpo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ṣì gbóná sí mi lọ́wọ́.

"Tún wọn kì."

Màmá Ọ̀ka ti lọ sọ́run. Mi ò ní ìbọn, mi ò sì tún fọwọ́ kan ẹ̀tù láti ìgbà tí mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìkàrẹ́ báyìí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sì wà lábẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú wọn á tọ̀ mí wá, á ní òun ti ṣe àṣìṣe. Inú máa ń bí mi, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ọ̀nà ti jìn tó láti ibi tó ti ṣe é dé ọ̀dọ̀ mi. A ó kọ́kọ́ sáré lọ tún ohun tó bàjẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ kejì, màá dá iṣẹ́ náà padà sí i lọ́wọ́, màá sì dúró tì í. Tí mo bá bú u, ọgbọ́n kan ṣoṣo ló máa rí kọ́ níbẹ̀: kò ní sọ fún mi mọ́.