Ìyá Ìyàwó Mi Lára Ògiri Kabala Doki

Mo ya obìnrin kan sára ògiri ní Kabala Doki, ní Kaduna, obìnrin náà sì na ọwọ́ jáde látinú ọ̀dà, ó gbá ọkùnrin mẹ́ta létí kí oòrùn tó wọ̀. Ọlọ́pàá kan wà nínú wọn. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ wo ògiri náà. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ̀wé, kí n sì máa ya àwòrán sára ògiri, pátákó àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìwé kẹrin ni mo bá ilé ẹ̀kọ́ dé kí n tó sá fún un, ṣùgbọ́n láti Kudenda títí dé Afaka, ẹ fi ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan hàn mí tí n kò ya orí sí. Àwọn Hausa ń pè mí ní Baba Mai Fenti, ìyẹn Bàbá Ọlọ́dà. Ayé dùn títí ẹ̀rọ tó ń tẹ bánà fi wọ̀lú. Bánà kì í béèrè tíì, kì í sì í sọ pé eegun ẹ̀yìn ń dun òun. Báyìí ni wọ́n ṣe pa mí tì.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọ́n ọ̀dà látinú agolo tún dé. Yakubu ni olórí wọn. Yorùbá ni ìyá tó bí i, ṣùgbọ́n bí ìyá náà bá sọ Yorùbá, Hausa ni Yakubu fi ń dá a lóhùn. Wọ́n ń kọ orúkọ ara wọn sára ògiri ní lẹ́tà tó wú bíi búrẹ́dì. Ó dùn ún wò, n kò ní parọ́ níbi ìyẹn.

Ògiri ilé ìkẹ́rùsí kan wà tí Maman Ladi ń dín kosai, àkàrà àwọn Hausa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, ìdí ògiri yẹn ló ń sá sí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n má tọ̀ síbẹ̀ mọ́, ní èdè mẹ́ta. Wọ́n á kà á tán, wọ́n á sì tọ̀ sí i. Ẹnì kan tiẹ̀ ń yìn mí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ́, kò dá tiẹ̀ dúró. Yakubu àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ya ẹṣin funfun síbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ẹsẹ̀ ẹṣin ti pupa rúsúrúsú.

Mo rẹ́rìn-ín. Yakubu bínú, ó fi Hausa dá mi lóhùn pé:

"To, Baba, ẹ̀yin náà ẹ ya tiyín ká rí i."

"Bí mo bá yà á, tí ẹnikẹ́ni tọ̀ síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo búrọ́ọ̀ṣì mi di tìẹ. Mo ti fẹ̀yìn tì nìyẹn."

Maman Ladi dáwọ́ kosai tó ń yí dúró. "Haba, Baba Mai Fenti! Kí lẹ wá fẹ́ máa ṣe nílé?"

Ìbéèrè yẹn bà mí lẹ́rù. Rédíò àti ìyàwó mi ló wà nílé, àwọn méjèèjì kì í sì í dúró gba èsì.

Mo wá ronú: kí ni ọkùnrin ìlú yìí ń bẹ̀rù? Kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọkùnrin Hausa kì í wo ojú ìyá ìyàwó rẹ̀. Bó bá rí i lókèèrè, á ṣí sí òdìkejì títì. Àwa Yorùbá, ìdọ̀bálẹ̀ ni tiwa. Nínú gbogbo wa, ta ni yóò tú okùn ṣòkòtò níwájú rẹ̀?

Fọ́tò ìyá ìyàwó tèmi wà nílé: Màmá Ọ̀fà nínú ìró oko, láìwé gèlè, tó fọwọ́ méjèèjì mú ìbàdí, lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀.

Mo fi rúlà fa ilà sára fọ́tò náà, ó di àpótí kéékèèké. Mo fi èédú pa okùn, mo nà án sára ògiri, mo fà á, mo jù ú sílẹ̀, ó dún pàá, ilà gbọọrọ jáde. Ohun tó bá wà nínú àpótí kékeré, inú àpótí ńlá ni mo gbé e sí. Ọ̀gá mi ní Ìlọrin ló kọ́ mi ní ti ojú: "Bó o bá fẹ́ kí àwòrán máa wo èèyàn kiri, àárín gan-an ni kó o fi ẹyinjú sí."

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá Ọ̀fà ga dé òrùlé. Ọkùnrin àkọ́kọ́ ti mú okùn ṣòkòtò kó tó gbójú sókè.

"Wayyo! Ìyá ìyàwó mi!"

Ó lóṣòó, ó kí i, ó sì fi ẹ̀yìn rìn lọ. Òmíràn dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹwàá, ìdí ògiri ti gbẹ táútáú.

Lọ́jọ́ kọkànlá, Màmá Ọ̀fà gan-an sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú wa pẹ̀lú báàgì. Yakubu ti gbé àwòrán náà sórí fóònù, ó sì ti dé Ọ̀fà. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ wá sídìí ògiri rí i pé wọ́n ti di méjì, ó fẹsẹ̀ fẹ.

Mo ti nà gbalaja.

"Ṣé èmi rèé?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

"Nídìí ìtọ̀?"

"Wọn ò tọ̀ síbẹ̀ mọ́, Mà. Ẹ̀yin lẹ lé wọn."

"Pa á rẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Bí mo bá pa á rẹ́, ìtọ̀ á padà, búrọ́ọ̀ṣì mi á sì lọ. Mo wo Yakubu, mo rò pé á máa fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni, ó sì fi Yorùbá tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ jẹ́ ó wà. Ó dára ju ẹṣin mi."

Maman Ladi sáré gbé kosai gbígbóná wá. Màmá jẹ ẹyọ kan, ó jẹ ìkejì, ó ń wo ara rẹ̀ lókè.

"Ọkùnrin mélòó ló ti sá?"

"Wọn ò lóǹkà, Mà."

"Nínú ìró oko yìí? Gbogbo Kaduna ti wá rí mi láìwé gèlè?"

Áà! Ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn. Lójú ẹsẹ̀ ni mo po ọ̀dà búlúù. Mo wé gèlè fún un, mo wọ̀ ọ́ ní léèsì, mo fi iyùn sí i lọ́rùn. Yakubu fọ́n òdòdó sí i lẹ́sẹ̀. Màmá jókòó lórí bẹ́ǹṣì Maman Ladi, ó ń pàṣẹ: "Iyùn yẹn kéré. Ta ló kú?"

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ògiri gbẹ. Yakubu ní kí n kọ́ òun ní okùn èédú. Mo ní kí òun náà kọ́ mi ní agolo, mo sì fọ́n ọ̀dà sí irùngbọ̀n ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí mo parọ́ sí. Àwòrán náà kò gbá ẹnikẹ́ni létí. Ọ̀dà ni. Kò sí ọlọ́pàá kankan níbẹ̀. Ìgbátí kan ṣoṣo ló wáyé lọ́jọ́ náà, nígbà tí Màmá Ọ̀fà dé orí ọ̀rọ̀ gèlè. Èmi ni mo jẹ ẹ́, ó sì dún débi pé kosai jóná nínú epo. Ìyókù, bí mo ṣe sọ ọ́ ló rí.