Ẹ̀san Gesina, Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ogún ọdún gbáko ni Gesina Terblanche fi ta sítáǹpù ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Doringspruit, ìlú kékeré kan ní Gúúsù Áfíríkà, kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n sí obìnrin jẹ́jẹ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ ò tíì kúrò nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, Anelda, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wá láti Cape Town pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Alàgbà Lourens Badenhorst dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ wọn, ó ní aláwọ̀ funfun nìkan ló ń wọlé níbẹ̀. Ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mọ́tò, ni Anelda dúró sí títí ìsìn fi parí.

Nígbà tí ìjọba yí padà tí àwọn aláwọ̀ dúdú gba àkóso, Lourens àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan sílẹ̀ láti máa gbẹnu sọ fún àwọn Áfírikánà, àwọn aláwọ̀ funfun bíi tiwọn. Ẹgbẹ́ Ilé Wa ni wọ́n pè é. Wọn ò ju ogójì lọ. Lourens fẹ́ di kánsẹ́lọ̀, ó sì ní kí Gesina wá ṣe akọ̀wé. Gesina gbà kíá.

Lọ́jọ́ tí wọn yóò gba fọ́ọ̀mù olùdíje kẹ́yìn, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni òpin. Gesina ni ẹgbẹ́ ní kó lọ fi fọ́ọ̀mù Lourens sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìdìbò. Ó gbé e sórí tábìlì ní ìloro ilé rẹ̀, ó po kọfí, ó ń ri búrẹ́dì gbígbẹ bọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí agogo márùn-ún kọjá, ó pe Lourens lórí fóònù pé kó wá mú fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Lourens dé tòun ti òógùn.

“Arábìnrin Gesina, ṣé mọ́tò yín bàjẹ́ ni?”

“Mọ́tò mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?”

“Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ dúró síta, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń rí.”

“Nítorí ìsìnkú ọdún mẹ́fà sẹ́yìn?”

“Ẹ jókòó kẹ́ ẹ mu kọfí, Alàgbà. Ó ṣì gbóná.”

Kò jókòó.

Inú Anelda ò dùn nígbà tó gbọ́. “Mọ́mì, mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi gbẹ̀san o.”

“Ta ló gbẹ̀san fún ẹ? Èmi ni mo sin ọkọ mi láìsí ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.”

Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ò ní olùdíje, kí ọdún tó parí, ó ti tú ká. Lọ́jọ́ Àìkú kan, Lourens ló ń gbé àwo ọrẹ kiri. Nígbà tó kan Gesina, obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn, ó rọra ń wá owó nínú báàgì rẹ̀, kò kánjú rárá, títí Lourens fi dorí kodò.