Mo Kàn Wá Wo Màmá Mi Ni

Ọjọ́ tí Àǹtí Bísí kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Mowe, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú ti wà nínú báàgì wọn. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

"Ìyá Dára, ẹ bá mi ṣe ìwé owó orí Amẹ́ríkà mi kíákíá. Mò ń padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi lọ́hùn-ún ní wọ́n máa bu owó ìtanràn lé mi, torí mi ò ní ìnṣọ́ránsì ìlera, àfi kí n padà wá máa gbé lọ́hùn-ún."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ mi ná. Ọmọ Amẹ́ríkà tó bá ń gbé òkèèrè, ọ̀rọ̀ owó orí ṣì ń tẹ̀ lé e kiri. Irú wọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa, láti Arepo títí dé Ibafo, àwọn tó gba ìwé ọmọ ìlú lọ́hùn-ún, tí wọ́n wá kọ́lé síbí. Èmi ni mo ń bá wọn ṣe ìwé náà. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní lọ́yà, mi ò sì bá wọn jà sí i. Iṣẹ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa.

Lásìkò yẹn, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní ìnṣọ́ránsì ìlera. Nísinsìnyí, wọ́n ti sọ ọ́ di òdo. Ṣùgbọ́n nígbà náà pàápàá, ọ̀nà méjì ló wà fún ẹni tó ń gbé òkèèrè. Yálà kó ti lo ọ̀ọ́dúnrún ọjọ́ àti ọgbọ̀n gbáko níbẹ̀ láàárín oṣù méjìlá, tàbí kó jẹ́ pé ibẹ̀ ló fìdí kalẹ̀ sí jálẹ̀ ọdún, bó tilẹ̀ rìnrìn àjò díẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọ̀kan, òfin kà á sí ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì.

Ti àkọ́kọ́ ti bọ́ mọ́ Àǹtí Bísí lọ́wọ́, torí wọ́n lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ wọn fún oṣù méjì lọ́hùn-ún. Ó wá ku ìkejì.

"Kí lẹ ń ṣe ní Nàìjíríà?" ni mo bi wọ́n.

"Mo kàn wá wo màmá mi ní Ifo ni."

Ohun tí wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ wọn náà nìyẹn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́, ni wíwò bá di ìbẹ̀wò. Ọ̀rẹ́ ní àlejò ni wọ́n nìyẹn, àlejò kì í sì í fìdí kalẹ̀.

Mo gbé báírò mi sílẹ̀. "Àǹtí, wíwò wo? Ṣé bí àlejò ṣe ń wo èèyàn ni, àbí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo aláìsàn?"

"Ẹ̀gbẹ́ kan ara wọn ti rọ. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí."

"Ọdún mẹ́ta? Àlejò wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ta lẹ wá fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ fún?"

Omijé bọ́ lójú wọn. "Mi ò rí ẹnì kankan, Ìyá Dára. Ẹni tó bá mi dúró tì wọ́n lóṣù méjì tí mo fi lọ wẹ ọmọ ti kó lọ."

Àánú wọn ṣe mí gan-an. Àmọ́ àánú kọ́ ni mo fi ń buwọ́ lùwé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Èkó máa ń sọ pé, "Ohun tí ojú ẹ ò bá rí, má fọwọ́ ẹ kọ ọ́." Lọ́jọ́ kejì, mo gba Ifo lọ.

Kò sí nǹkan àlejò kankan nínú ilé yẹn. Wọ́n ti fẹ ẹnu ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti Màmá kiri lè gba ibẹ̀ kọjá. Àgbàdo wọn ti ń gbó lẹ́yìnkùlé. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni aládùúgbò kan yọjú, ó ní ìpàdé àwọn onílé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, akápò wọn nìkan ni wọ́n ń retí. Àǹtí Bísí ni akápò náà. Mo rẹ́rìn-ín.

Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wò wá. Ọ̀rọ̀ ti ṣòro lẹ́nu wọn, àwọn èèyàn sì rò pé wọn ò gbọ́ nǹkan tá à ń sọ. Àpótí Àǹtí Bísí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní títì pa.

"Mo ti tú gbogbo ilé," ni Àǹtí Bísí ń ṣàròyé, "mi ò rí kọ́kọ́rọ́ àpótí yìí láti àná."

"Ẹ má wá a mọ́," ni mo sọ. "Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ohun tẹ́ ẹ jókòó tì níbí nìyẹn, ẹ ti fìdí kalẹ̀. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn, màá sì fi orúkọ mi tì í lẹ́yìn. Kò sí owó ìtanràn kankan. Ẹ dá tíkẹ́ẹ̀tì padà."

Àǹtí Bísí kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, mi ò lọ mọ́."

Màmá wò wọ́n títí. Wọ́n wá ti ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ àpótí jáde, wọ́n sì nà án sí ọmọ wọn.