Fọ́ńtì Tí Mo Fi Pamọ́ ní Àgbowó

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ àwọn tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì ló máa ń tò síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgbowó, tí wọ́n á máa pè mí ní ọ̀gá. Bí ẹ bá rí ìwé Yorùbá láyé ìgbà yẹn tí àmì rẹ̀ pé, tí kò sí lẹ́tà kankan tó ṣìnà nínú rẹ̀, ó ní láti jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ti jáde. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn ná, nítorí èyí tó kù kò dùn ún sọ.

Dùgbẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lórí ẹ̀rọ taìpù onírin. Ẹ̀rọ yẹn kò ní àmì kankan fún wa. Bí mo bá ti tẹ ojú ewé kan tán, màá fà á yọ, màá mú báírò, màá wá máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀, títí ọrùn á fi máa ro mí. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, mo rò pé ìyà yẹn ti tán. Ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ring Road ló là mí lóye. Ó ní kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà rárá, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ jókòó, tí wọ́n fún lẹ́tà tiwọn ní nọ́ńbà, wọ́n pè é ní ASCII, gbogbo ààyè tó wà níbẹ̀ kò sì ju méjìdínláàádóje lọ. Lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, kọ́mà, àmì owó wọn, ó ti kún. Nígbà tí ààyè tún yọ lókè ìyẹn, àwọn ará Yúróòpù kó ẹrù tiwọn dé. Mo bi í pé ibo ni tiwa wà.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tiyín? Ẹ lọ máa gbé nílé onílé."

Ohun tí gbogbo wa ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ Yorùbá á wá àmì àjèjì tí kò wúlò fún un, á gbé ẹ tàbí ọ wọ̀ ọ́ bí aṣọ. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà àjèjì yẹn ló ṣì wà níbẹ̀, ojú nìkan ló yí padà. Aṣọ yẹn là ń pè ní fọ́ńtì. Oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, bí ẹ bá sì gbé iṣẹ́ yín dé orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, wúruwùru lẹ máa rí. Èmi fúnra mi ni mo ṣe tèmi, oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣe é. Mo tò ó sí ibi tí ẹlòmíràn kò ní ronú kàn. N kò fún ẹnikẹ́ni, n kò sì kọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà mọ́ ògiri bí àwọn kan ti ń ṣe. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ti bá mi ṣe lẹ́ẹ̀kan máa padà sọ́dọ̀ mi títí ayé.

Bàbá kan wà ní Baṣọ̀run, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ará ìlú kan ní Òkè Ògùn, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Wọ́n kọ ìtàn ìdílé wọn sínú ìwé mẹ́rin: ẹni tó bí ẹni, ibi tí wọ́n ti ṣí wá, ibi tí wọ́n sin wọ́n sí, orúkọ àwọn ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Bàbá nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n jókòó tì mí tí mo fi tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí àmì kọ̀ọ̀kan. Mo kó o sínú díìsìkì pẹlẹbẹ kan fún wọn.

Wọ́n ní, "Ṣé kò ní sọnù?"

Mo ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀, pé iṣẹ́ ọwọ́ mi kì í sọnù. Wọ́n fi díìsìkì náà sápò, wọ́n sì lọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, iná mànàmáná tó lágbára jù ya wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án gangan, kọ̀ǹpútà yẹn jóná, fọ́ńtì mi sì jóná sínú rẹ̀. N kò tilẹ̀ bara jẹ́. Ayé ti yí nígbà náà. Wọ́n ti ṣe Unicode, wọ́n ti ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ àti ọ àti ṣ ti ní ilé ara wọn. Mo kọ́ ọ kíá, mo sì gbàgbé ti àtijọ́.

Àfi ìgbà tí ọmọbìnrin Bàbá wọlé dé lọ́dún tó kọjá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, Akobo ló ń gbé. Ó ní ikán ti jẹ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú ẹ̀dà tí mo tẹ̀ fún wọn nínú àpótí. Ó ní àìsàn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ti kọ lu Bàbá, ojú wọn ti lọ, ohùn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, àti pé ohun kan ṣoṣo tí wọ́n tọrọ kí ohùn ọ̀hún tó lọ ni pé kí ẹnì kan ka ìwé náà sí wọn létí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó pé, kí wọ́n tó fi í lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ó gbé fíláàṣì fún mi. Mo ṣí i. Ohun tí mo rí nìyí:

]m] t? w?n b?

Mo béèrè díìsìkì. Ó ní òun gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Challenge kí wọ́n bá òun kó o sínú fíláàṣì, pé kọ̀ǹpútà bi ọkùnrin ibẹ̀ ní ìbéèrè kan, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ju díìsìkì nù nítorí ẹ̀rọ tó ń gbà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀.

Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: kọ̀ǹpútà ti bi í bóyá kó máa kó o lọ bí àwọn àmì kan bá tilẹ̀ máa sọnù. Àwọn lẹ́tà tí mo fi sínú méjìdínláàádóje àkọ́kọ́ yè, bí ọ tí mo gbé wọ àmì ]. Gbogbo àwọn lẹ́tà olóhùn, àwọn tó ní àmì lórí, tí mo fi pamọ́ sókè ibẹ̀, kọ̀ǹpútà ọ̀hún kò mọ̀ wọ́n, ó sọ gbogbo wọn di àmì ìbéèrè kan náà. Kì í ṣe pé wọ́n wọ aṣọ mìíràn. Wọ́n ti kú.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ lè ṣe é?"

"Àǹtí, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ta ló tún máa ṣe é?"

Mo sì ṣe é. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, mo jẹ́ kí ìka mi rántí. Ibi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, mo ń fi ọ̀rọ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tèmi. Ṣùgbọ́n mo dé ibi orúkọ. Kò sí ohun tó wà níwájú orúkọ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ tó lè sọ fún èèyàn bó ṣe rí.

A lọ sí Baṣọ̀run. Ohùn Bàbá ti lọ pátápátá nígbà tí a débẹ̀. Ọmọ wọn ní tó bá pé, wọ́n á fún ọwọ́ òun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí kò bá pé, wọn ò ní fún un. Mo kà, wọ́n ń fún un. Mo dé orí orúkọ ìyá tó bí wọn, mo kà á bí mo ṣe rò ó. Wọ́n fún un. Ọmọ wọn bọ́ síta lọ bu omi, mo di ọwọ́ ọ̀hún mú. Mo ka orúkọ náà lọ́nà mìíràn. Wọ́n fún ọwọ́ mi. Mo wá pe orúkọ kan tí n kò tíì gbọ́ rí láyé mi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́nu ara mi. Wọ́n tún fún un, pẹ̀lẹ́, bákan náà. Ojú fèrèsé ni wọ́n kọjú sí.

Ọmọ wọn wọlé. Ó ní, "Ṣé bí Bàbá ṣe kọ ọ́ nìyẹn?"

Mo ní, "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an ni."

Bàbá kú kí oṣù tó parí. Mo tẹ ìwé náà jáde, ó dára ju gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe rí lọ. Gbogbo ilé ni wọ́n ti ń kí mi.

Lóṣù tó kọjá, Àǹtí pè mí sí ìkómọjáde ní Akobo. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, obìnrin. Ó ní orúkọ ìyá Bàbá ni wọ́n máa sọ ọ́, pé ọpẹ́lọpẹ́ mi, orúkọ yẹn ì bá ti parẹ́. Ó fi mí jókòó síwájú. Àlùfáà gbé ọmọ sókè, ó ka orúkọ náà látinú ìwé tí mo tẹ̀, ó ní kí gbogbo wa pè é.

Ọ̀nà méjì ló wà tí mo lè gbà kọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo tẹ ìwé náà. Mo mú èyí tó dùn lẹ́nu.

Wọ́n pè é. Èmi náà pè é. Ọmọ náà yíjú sí ọ̀dọ̀ wa.